Ìyá tó gbàgbé ọ̀nà ilé: bí iyè ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ àti bó ṣe ń ra

Ẹ ó ti rí irú fídíò náà lórí WhatsApp. Ìyá àgbàlagbà kan jókòó sí ẹ̀gbẹ́ títì, ìró rẹ̀ ti tú, eruku bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Èrò ti pé lé e lórí. Ẹnì kan ń bi í pé, "Ìyá, níbo lẹ ti ń bọ̀?" Ìyá ò lè dáhùn. Wọ́n bi í léèrè orúkọ ọmọ rẹ̀, ó dá orúkọ kan tí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ò mọ̀. Kò ní pẹ́ tí ohùn kan á fi ti ẹ̀yìn wá pé àjẹ́ ni, pé ẹyẹ ni tẹ́lẹ̀, pé ó ń fò lọ ni ilẹ̀ mọ́ bá a. Láti ibẹ̀, ọ̀rọ̀ á di òkò àti igi.

Èmi kì í lè wò ó dópin. Ìyá tó bí ìyá mi lọ́mọ ṣìnà bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn. Ó dìde ní ìdájí, ó wé gèlè, ó gbé igbá rù, ó ní òun ń lọ sí Ọjà-Ọba lọ ta èlùbọ́. Ó ti lé ní ogún ọdún tí màmá ti fi ọjà títà sílẹ̀. Ọlọ́kadà kan tó dá a mọ̀ ló gbé e wá sílé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ká ní ọlọ́kadà yẹn ò mọ ilé wa ńkọ́? Ìbéèrè yẹn ni ò jẹ́ kí n sùn, òun ló sì mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ohun tí ọwọ́ mi bá tẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìrántí. Ohun tí mo kọ́ yí ojú tí mo fi ń wo màmá padà. Ó yí ojú tí mo fi ń wo iyè tèmi náà padà.

Bí ènìyàn bá ń gbàgbé jù, a ní iyè rẹ̀ ti ra. Òbí tí ọmọ rẹ̀ kì í rántí ohun tí wọ́n kọ́ ọ nílé-ìwé a máa wá ìsọyè fún un. Bí àgbà bá ń tún ọ̀rọ̀ kan sọ lálàtúnsọ, a ní ó ń ṣarán. Bí a ṣe ń sọ ọ́ yìí, a lè rò pé nǹkan kan ṣoṣo ni iyè, pé ó jókòó sójú kan nínú orí bí àpótí aṣọ: ohun tí a bá kó sí i la ó bá níbẹ̀, bí a ò bá sì bá a níbẹ̀ mọ́, a jẹ́ pé ẹnì kan ló gbé e. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oríṣiríṣi ni iyè, wọn kì í sì í gbé ojú kan náà nínú ọpọlọ. Ọkùnrin kan ló fi ayé tirẹ̀ kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yìí, òun fúnra rẹ̀ ò sì lè rántí pé òun kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Henry Molaison ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní 1926 ní ìpínlẹ̀ Connecticut, ní Amẹ́ríkà. Wárápá ń gbé e láti kékeré, nígbà tó fi máa di ẹni ọdún 27, àìsàn náà ti le débi pé kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ní 1953, dókítà William Scoville ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó yọ lára ọpọlọ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, níbi tó rò pé wárápá náà ti ń wá. Wárápá rọlẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, ohun tuntun ò dúró lórí Henry mọ́. Bí ẹ bá bá a sọ̀rọ̀ títí, kí ẹ jáde fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ tún wọlé, á kí yín bí àlejò tí kò rí rí. Ìwé ìròyìn kan náà ló ń kà ní àkàtúnkà, tí á sì máa dùn mọ́ ọn bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Ó ṣì mọ orúkọ ara rẹ̀, ó mọ àwọn òbí rẹ̀, ó rántí ohun púpọ̀ nípa ìgbà èwe rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà tí ohun tuntun ń gbà wọlé ló ti tì.

Onímọ̀ kan láti ìlú Montreal ní Kánádà, Brenda Milner, a máa lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Ó fún un níṣẹ́ kan: kó fi pẹ́ńsù tọ ojú ìlà ìràwọ̀ kan tí wọ́n yà sórí bébà, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ wo bébà náà tààrà, inú dígí ni kó ti máa wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹ dán an wò nílé, ẹ ó rí i pé ọwọ́ kì í lọ síbi tí a rán an. Lọ́jọ́ kìíní, Henry bà á jẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó sàn díẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn, ó ń tọ ìlà náà lọ gééré. Síbẹ̀, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé bébà náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ohun tó mọ̀ ni pé òun ò ṣe irú rẹ̀ rí. Ọwọ́ rẹ̀ rántí ohun tí òun fúnra rẹ̀ ò rántí.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ dájú pé iyè ọwọ́ yàtọ̀ sí iyè ẹnu. Ẹni tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn, ẹni tó mọ irun dì, ẹni tó mọ ìlù lù, ibòmíràn nínú ọpọlọ ni ìmọ̀ yẹn ń gbé, kò sí níbi tí ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Mo máa padà sórí rẹ̀.

Henry kú ní 2008, ó jẹ́ ẹni ọdún 82. Títí ó fi kú, lẹ́tà méjì péré, H.M., ni wọ́n fi ń pè é nínú ìwé, kí àṣírí rẹ̀ má baà tú. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tó fi wà láyé láìlè sọ ohun tó jẹ lánàá, ó sì ń gbà kí wọ́n yẹ òun wò ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dé. Gbèsè ọkùnrin yìí wà lọ́rùn gbogbo ẹni tó ní àgbà nílé.

Ibi tí wọ́n yọ lórí rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní hippocampus. Ó wà nínú lọ́hùn-ún, ní ọ̀gangan etí, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ó sì tẹ̀ bí ẹja òkun kan tí orí rẹ̀ jọ orí ẹṣin, lára ẹja yẹn ló ti gba orúkọ rẹ̀. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí wa, ọ̀tọ̀ ni ibi tí ọpọlọ ń gbé ohun tí ojú rí sí, ọ̀tọ̀ ni ti ìró, ọ̀tọ̀ ni ti òórùn. Hippocampus ló mọ bí gbogbo wọn ṣe so mọ́ra. Alájọ ni mo máa ń fi wé. Owó kálukú wà níbi tó wà, àmọ́ alájọ ló mọ ẹni tó dá a, ọjọ́ tó dá a, àti iye tó jẹ́. Tó bá di òru tí a sùn, á tún ìwé rẹ̀ yẹ̀ wò. Ní 1994, Matthew Wilson àti Bruce McNaughton fi hàn lára eku pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó jọ ṣiṣẹ́ nígbà tí eku ń rìn kiri lójú mọmọ ló tún jọ ń ṣiṣẹ́ nígbà tí eku náà bá sùn, bí ẹni ń tún ọ̀nà rìn lójú oorun. Bí wọ́n bá ṣe é léraléra, owó náà á kúrò lọ́wọ́ alájọ, á dé báńkì, ìyẹn ni pé ìrántí náà á wọ ara ọpọlọ tó wà lókè, kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ nílò hippocampus mọ́. Ọmọ tó fi gbogbo òru kàwé nítorí WAEC tàbí JAMB ò fún alájọ yìí láyè láti ṣírò owó ọjọ́ náà. Ó ń dun mí bí mo bá rí òbí tó ń yin ọmọ nítorí pé kò sùn.

Bí ẹ bá ti wọ takisí dúdú ní Lọ́ńdọ̀nù rí, ẹ ti jókòó sẹ́yìn ẹni tí hippocampus rẹ̀ ti ṣe wàhálà ńlá. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ mọ nǹkan bí 25,000 òpópónà lórí, gbogbo èyí tó wà láàrin máìlì mẹ́fà sí Charing Cross, ibi kan ní àárín gbùngbùn ìlú náà, ó sì máa ń gbà wọ́n tó ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. Ní 2000, Eleanor Maguire àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ya àwòrán ọpọlọ àwọn awakọ̀ náà, wọ́n sì rí i pé apá ẹ̀yìn hippocampus wọn tóbi ju ti ẹlòmíràn lọ. Àwọn kan ní bóyá bí wọ́n ṣe bí wọn nìyẹn. Ní 2011, òun àti Katherine Woollett mú ìdáhùn wá: wọ́n tọ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ náà lẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àwọn tó yege ni tiwọn tóbi sí i, ti àwọn tí kò yege ò yí padà.

Ìgbàgbé ńkọ́? Ará Jámánì kan, Hermann Ebbinghaus, ló kọ́kọ́ wọn ìgbàgbé bí ẹni ń wọn gàrí. Ara rẹ̀ ló fi ṣe é. Ó to àwọn sílébù tí kò nítumọ̀ jọ, ó kọ́ wọn sórí, ó wá ń dán ara rẹ̀ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, lẹ́yìn wákàtí kan, lẹ́yìn ọjọ́ kan, títí dé oṣù kan. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1885. Kí wákàtí kan tó pé, ohun tó ti lọ ti ju ìdajì. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ti lọ. Láti ibẹ̀ lọ, ìgbàgbé náà ò fi bẹ́ẹ̀ sáré mọ́: lẹ́yìn oṣù kan, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ṣì wà lórí rẹ̀. Ó tún rí i pé ohun tí a bá pín kíkọ́ rẹ̀ sí ọjọ́ púpọ̀ a máa pẹ́ lórí ju èyí tí a kì mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ.

Àwọn baba wa ò ka ìwé Ebbinghaus, síbẹ̀ wọ́n mọ èyí. Odù Ifá jẹ́ 256, ẹsẹ tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì pọ̀ jọjọ. Olúwo á kì í, ọmọ awo á tẹ̀ lé e, bó bá di ọjọ́ kejì wọ́n á ní kó dá a kì kí wọ́n tó fi òmíràn kún un. Bákan náà ni nílé-kéwú: ọmọ kì í fọ wàláà rẹ̀ títí á fi lè ka ohun tó wà lójú rẹ̀ fún àfáà láìwò ó. Ohun tó wà nídìí ọgbọ́n yìí ni pé wọ́n ń fi dandan mú ọmọ láti fa ọ̀rọ̀ náà jáde láti inú ara rẹ̀. Ní 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì dán an wò ní Amẹ́ríkà. Àwọn kan ka ìwé kan lákàtúnkà, àwọn yòókù kà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì gbé ìwé tì, wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá rántí sílẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn alákàtúnkà ló rántí jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ ti yí: àwọn tó gbé ìwé tì rántí ìdá 56 nínú 100, àwọn alákàtúnkà rántí 42.

Mi ò fẹ́ kí a máa bú ìgbàgbé. Bí gbogbo iye tí ẹ ti ra ata rí bá ń dún lórí yín lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ò ní mọ èyí tó jẹ́ tòní. Ọpọlọ ń tú ohun tí a ò lò dànù kí ohun tí à ń lò lè rí àyè.

Ohun kan wà tí kì í tètè tú dànù. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Òwe yìí bá ohun tó ń lọ nínú orí mu gan-an. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ hippocampus ni ẹyọ kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní amygdala, òun ló ń mọ̀ bí ẹ̀rù bá ń bà wá, bí inú bá ń bí wa, bí ojú bá ń tì wá. Bí ara bá gbóná báyìí, á rọ alábàágbé rẹ̀ pé kó fi ọwọ́ líle kọ èyí sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí olùkọ́ dójú tì níwájú kíláàsì ní ogójì ọdún sẹ́yìn fi lè sọ àwọ̀ aṣọ tí olùkọ́ náà wọ̀ lọ́jọ́ yẹn, tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ ò sì ní mọ ohun tí à ń sọ. Olùkọ́ náà ò purọ́. Ara tirẹ̀ ni kò gbóná lọ́jọ́ náà.

Àmọ́ pé nǹkan hàn kedere lórí wa ò sọ ọ́ di òótọ́, èyí ló sì ṣòro fún mi jù láti gbà. Mo rántí ọjọ́ tí bàbá mi ṣílé. Mo rántí ìró ìlù, mo rántí aṣọ òfì tó wọ̀, mo rántí bí oòrùn ṣe ń ta sára páànù tuntun. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ ìtàn náà. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo tún ń sọ ọ́ níbi ìnáwó kan, ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bá wò mí, ó ní, "Ìwọ wo? Oyún rẹ ni màmá wa gbé lọ́jọ́ yẹn." Wọ́n gbé álíbọ́ọ̀mù wá. Fọ́tò náà nìyí: bàbá mi nínú aṣọ òfì, onílù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, páànù tó ń dán, àti ìyá mi tó fi ọwọ́ ti ikùn ńlá. Fọ́tò tí mo ń wò láti kékeré àti ìtàn tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ni ọpọlọ mi fi mọ ìrántí kan fún mi bí ẹni mọ ilé. Fọ́tò kì í sì í dún. Títí di òní, bí mo bá di ojú, mo ṣì ń gbọ́ ìlù náà.

Onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Elizabeth Loftus, ló fi gbogbo ayé rẹ̀ wá ìdí èyí. Ní 1974, òun àti John Palmer fi fíìmù ìjàm̀bá ọkọ̀ han àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì bi wọ́n bí eré tí àwọn ọkọ̀ náà ń sá ṣe pọ̀ tó. Wọ́n bi àwọn kan pé nígbà tí àwọn ọkọ̀ náà kan ara wọn, wọ́n bi àwọn mìíràn pé nígbà tí wọ́n fọ́ ara wọn túútúú. Àwọn tó gbọ́ "kan" ní eré náà tó máìlì 31.8 ní wákàtí kan, àwọn tó gbọ́ "fọ́ túútúú" ní ó lé díẹ̀ ní 40. Fíìmù kan náà ni. Nínú ìdánwò kejì, wọ́n ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n wá bi wọ́n bóyá wọ́n rí gíláàsì tó fọ́ sílẹ̀. Kò sí gíláàsì kankan nínú fíìmù náà. Nínú 50 ènìyàn tó gbọ́ "fọ́ túútúú," 16 ní àwọn rí i. Nínú 50 tí wọ́n fi "gbá" bi léèrè, 7 ni. Ọ̀rọ̀ kan péré lẹ́nu ẹni tó ń béèrè ló da gíláàsì sílẹ̀ fún wọn.

Ní 2000, Karim Nader àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York fi kún un láti ara eku pé ìrántí tí a bá mú jáde a tún rọ̀ bí amọ̀ tí omi kàn, a sì gbọ́dọ̀ tún gbẹ kó tó dúró. Bó bá ṣe rọ̀ yẹn, ọwọ́ ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá wo ohun tí èyí lè ṣe ní àgọ́ ọlọ́pàá, nígbà tí wọ́n bá fi fọ́tò ẹnì kan ṣoṣo han ẹni tí wọ́n jà lólè, tí wọ́n ní, "Ṣé òun kọ́ nìyí?" Ní Amẹ́ríkà, nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ẹjọ́ tí ìdánwò DNA ti fi hàn pé ẹni tó wà lẹ́wọ̀n ò jẹ̀bi, ẹlẹ́rìí kan ti wà tó fọwọ́ sọ̀yà pé òun ló ṣe é. Ọ̀pọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí náà ò purọ́. Nínú ẹbí náà, bí tẹ̀gbọ́n tàbúrò bá ń jà lórí ohun tí bàbá sọ kó tó kú, mo ti kọ́ láti má sáré pe ẹnì kan ní òpùrọ́.

Irú ìrántí kan wà tí a kì í fẹ́ kó tán. Yorùbá lè sọ pé òun ń ṣàárò, àmọ́ ó tún ní ọ̀nà mìíràn tó ń gbà sọ ọ́. Àárò ló ń sọ ènìyàn. Àárò ilé ń sọ mí. Òun ló ń ṣe iṣẹ́ náà, àwa ló ń ṣe é sí. Ní 1688, ní ìlú Basel ní Switzerland, ọ̀dọ́ kan tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, Johannes Hofer, rí i pé àwọn ará Switzerland kan tó wà níbi tó jìnnà sílé ń ṣàìsàn, wọn ò jẹun, wọn ò sùn, wọ́n sì ń sunkún ilé. Ó so ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì pọ̀, ìpadàsílé àti ìrora, ó sì fún àìsàn náà lórúkọ, nostalgia. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, àìsàn gidi ni àwọn dókítà kà á sí. Lónìí wọn ò pè é láìsàn mọ́. Wọ́n ti rí i pé bí ọkàn bá dá wà tàbí bó bá rẹ̀wẹ̀sì, ó máa ń yà síbẹ̀ lọ gba okun.

Ẹ lọ sí Pópó Àgùdà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ ó rí ohun tí àárò ń kọ́. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil, tí àwọn àti ọmọ wọn ń sunkún ilé títí wọ́n fi rí ọ̀nà padà wá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí wọ́n dé Èkó, ilé bí ti Brazil ni wọ́n kọ́. Àwọn ọmọ ọmọ wọn ṣì ń se frejon, ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀ pọ̀ mọ́ omi àgbọn, ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú Àjíǹde. Ẹni tó padà sílé tún gbé àárò ibòmíràn dání.

Bí ẹ bá ní kí àgbàlagbà sọ ohun tó rántí jù láyé rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù á bọ́ sí àárín ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún 10 sí 30. Ìgbà yẹn ni ohun gbogbo jẹ́ àkọ́kọ́: owó iṣẹ́ àkọ́kọ́, ìfẹ́ àkọ́kọ́, ìlú ńlá tí a kọ́kọ́ wọ̀. Orin tí à ń jó sí nígbà náà kì í sì í gbó létí wa. Òórùn tún wà, tí ọ̀nà tirẹ̀ sí amygdala àti hippocampus kúrú ju ti ojú àti etí lọ. Bí mo bá gbóòórùn òrí, ẹsẹ̀ mi ti wà ní ẹ̀dẹ̀ màmá nìyẹn kí n tó mọ̀ pé mo rántí nǹkan kan. Ohun tó yẹ ká ṣọ́ra fún ni pé ìbànújẹ́ inú ìrántí sábà máa ń tètè ṣá ju ayọ̀ rẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí a bá gbọ́ pé ayé àtijọ́ ló dára, ó yẹ ká béèrè lọ́wọ́ ẹni tó jìyà nínú ayé àtijọ́ náà.

Mo padà sí ọ̀rọ̀ màmá. Ní 1906, ní ìlú Tübingen ní Jámánì, Alois Alzheimer dìde láàrin àwọn dókítà, ó sọ nípa obìnrin kan tó tọ́jú ní Frankfurt, tí iyè rẹ̀ ti ra láti nǹkan bí ẹni ọdún 51. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó rí i pé àwọn ìdọ̀tí kan ti kó jọ sáàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ rẹ̀, àti pé nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà, nǹkan ti lọ́ mọ́ra bí òwú tó ta kókó. Àìsàn yìí, tí wọ́n ń fi orúkọ Alzheimer pè, ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń pè ní dementia, ìyẹn àwọn àìsàn tó ń mú kí iyè ra, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó ń ṣe ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 55. Hippocampus wà lára ibi tó kọ́kọ́ ń kọlù. Alájọ ló ń kọ́kọ́ ṣàìsàn. Owó tó ti wọ báńkì láti ọjọ́ pípẹ́ ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ owó tòní ò rí ẹni gbà á. Ìdí nìyẹn tí màmá ò fi mọ̀ pé òun ti jẹun láàárọ̀, tó sì mọ ọ̀nà Ọjà-Ọba. Àwọn tó pé lé ìyá inú fídíò náà lórí ń gbọ́ orúkọ tí wọn ò mọ̀; ó ṣeé ṣe kó jẹ́ orúkọ àbúrò rẹ̀ tó kú ní ogójì ọdún sẹ́yìn.

Ìbàdàn yìí kan náà wà lára ibi tí ayé ti kọ́ ohun tó pọ̀ nípa àrùn náà. Ní ọdún 1992, Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan pọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun ló ṣíwájú rẹ̀ lọ́dọ̀ wa títí ó fi kú ní 1995, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adesola Ogunniyi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì bá a lọ. Wọ́n ń wọ ilé kiri ní àdúgbò Ìdíkàn, wọ́n ń bá àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò lọ sílé-ìwé, kò sì bójú mu láti fi ìwé kíkà dán iyè wọn wò, nítorí náà èdè Yorùbá ni wọ́n fi bi wọ́n, wọ́n sì tún bi ará ilé wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe lójoojúmọ́. Wọ́n ṣe bákan náà fún àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ní Indianapolis. Àbájáde tó jáde ní 2001 ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu: nínú àwọn Yorùbá, ìdá 1.35 nínú 100 ló ń ní dementia lọ́dún, ní Indianapolis ó jẹ́ 3.24. Apilẹ̀ àbùdá kan tí wọ́n ń pè ní APOE e4, tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba àwọn ènìyàn lókèèrè, kò fi bẹ́ẹ̀ hàn gẹ́gẹ́ bí ewu lára àwọn ará Ìbàdàn. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kéré lára àwọn àgbà Ìdíkàn nígbà náà. Ẹ̀rù ń bà mí fún àwa tó ń dàgbà bọ̀, torí oúnjẹ wa àti ìjókòó wa ò jọ tiwọn mọ́.

Kì í ṣe gbogbo ìgbàgbé ni àrùn. Ẹni tó gbàgbé iyọ̀ sínú ọbẹ̀ ò ṣàìsàn. Àmọ́ ẹni tó ti ń dáná láti ogójì ọdún, tó dúró níwájú ìkòkò tí kò mọ ohun tó kàn mọ́, ó yẹ kí dókítà rí i, kó sì jẹ́ kíákíá, nítorí pé àwọn ohun kan ń fara jọ dementia tó sì ní ìwòsàn: àìtó fítámì B12, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, egbòogi tí kò bá ara mu, àrùn ibi ọ̀nà ọ̀fun tí gẹ̀gẹ̀ ti ń wá, àní àrùn ilé-ìtọ̀ tó lè da orí àgbà rú láàrin ọjọ́ kan. Ìgbìmọ̀ kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ sọ ní 2024 pé nǹkan bí ìdá 45 nínú 100 àwọn dementia ayé ló so mọ́ ohun 14 tí a lè ṣe nǹkan sí. Etí tí kò gbọ́ dáadáa mọ́ wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀, àtọ̀gbẹ, sìgá, ojú tí a ò tọ́jú, àìlọ sílé-ìwé, àti dídá wà láìrẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Oògùn tuntun méjì, lecanemab àti donanemab, ti gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 2023 àti 2024. Wọ́n ń fa àìsàn náà sẹ́yìn díẹ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì lè mú kí ọpọlọ wú tàbí kó ṣẹ̀jẹ̀, débi pé wọ́n gbọ́dọ̀ máa ya àwòrán rẹ̀ léraléra. Wọn ò lè dá iyè tó ti lọ padà.

Nílé wa, a ti so orúkọ màmá àti nọ́ńbà fóònù mẹ́ta mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà tó wà ní oríta mọ̀ ọ́n, ẹlẹ́pà tó wà níwájú ilé mọ̀ ọ́n. A kì í bá a jiyàn mọ́ bó bá ní òun ń lọ sọ́jà.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo ra èlùbọ́, mo da á sínú igbá, mo gbé e ka iwájú rẹ̀ pẹ̀lú kóńgò. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí kò ti pe orúkọ mi. Ó wo èlùbọ́ náà, ó fi ìka méjì tọ́ ọ wò, ó gbé kóńgò. Ó bù ú, ó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ojú rẹ̀ kó lè tẹ́jú, ó dà á sínú ọ̀rá, ó ní, "Oókan." Ohùn rẹ̀ dún bí ohùn ìyálọ́jà tí mo mọ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Ó bù ú títí ó fi dé ẹ̀ẹ̀rin, kò ṣì í kà. Ó wá gbójú sókè wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó pè mí ní oníbàárà rẹ̀, ó sì bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e fún mi ní ènì.